Ọ̀rọ̀ Kumasi: gígún gìgísẹ̀ ọmọ ò le, wíwá ìyá ẹ̀ rí ló le

Àwa tá a máa ń sọ pé "òyìnbó ló ń ṣe irú ẹ̀" tí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọmọ tuntun bá ti délẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi òyìnbó sílẹ̀ ná. Ní Gánà níbí, tí èèyàn lè wọ mọ́tò láti Èkó kó sì dé ibẹ̀, wọ́n ti ń gún ọmọ ọwọ́ ní gìgísẹ̀ ní Kumasi láti 1995 kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell, nígbà tí fóònù alágbèéká ò tíì di nǹkan tí gbogbo èèyàn ń mú kiri. Láàárín nǹkan bí ọdún 10 àkọ́kọ́, ọmọ 177,283 ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Èsì àwọn 3,346 nínú wọn fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àrùn náà. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó fẹ́ẹ̀ tó ọmọ 2 nínú 100. Ilé ìgbẹ̀bí tó bá ń gbẹ̀bí ọmọ 50 lóṣù, bí ẹni pé ọmọ kan ń gba ibẹ̀ lọ sílé lóṣooṣù pẹ̀lú àrùn yìí ni, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí wọ́n á kó jọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tí wọ́n á jẹ tí wọ́n á mu.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà lérí ni Dókítà Kwaku Ohene-Frempong. Ọmọ Gánà ni, Yale ní Amẹ́ríkà ló ti kàwé, sárésáré ni níbẹ̀ pàápàá, eré tí wọ́n máa ń fo igi lójú ọ̀nà yẹn ló ń sá. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ iṣẹ́ dókítà, kò sì tíì kúrò níléèwé tó fi bí àkọ́bí ẹ̀, ọmọkùnrin, ọmọ náà sì ní sickle cell. Nítorí náà kì í ṣe inú ìwé nìkan ló ti mọ àrùn yìí, inú ilé ẹ̀ ló wà. Ó di ọ̀gá ẹ̀ka sickle cell ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia, ipò tó jẹ́ pé ẹlòmíì ì bá jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ kó máa gba owó oṣù ẹ̀. Òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1993 wọ́n rí owó gbà lọ́wọ́ NIH, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera, òun àtàwọn dókítà àtàwọn nọ́ọ̀sì ní Komfo Anokye tó jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá Kumasi wá jọ dáwọ́ lé e, wọ́n sì mú ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tikrom mọ́ ọn kó má baà jẹ́ ti ará ìgboro nìkan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ tuntun? Kí ló dé tí wọn ò dúró kó ṣàìsàn ná kí wọ́n tó yẹ ẹ̀ wò, bá a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa?

Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í ṣàìsàn sickle cell. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé bọ̀ látinú oyún, èyí tí wọ́n ń pè ní F, ló pọ̀ lára ẹ̀, F yìí kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ọmọ á máa sanra, á máa rẹ́rìn-ín, ìyá ọkọ á máa sọ pé ẹ ò rí bó ṣe jọ bàbá ẹ̀. Tó bá tó nǹkan bí oṣù 4 sí 6, tí F ti ń lọ sílẹ̀ tí S, ìyẹn èyí tó máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ń gba àyè ẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wú, ọmọ á máa ké tòru tọ̀sán, wọ́n á ní eyín ló fẹ́ hù. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní dé ibi ọwọ́ wíwú yẹn rárá, ibà kan ṣoṣo ni, láàárọ̀ ara gbóná, kílẹ̀ tó ṣú ọmọ ti lọ. Ohun tó ń fa ìyẹn ni pé ọlọ inú, ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, òun ló máa ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, sickle cell sì ti máa ń ba ọlọ inú jẹ́ láti ìgbà ọmọ ọwọ́, kòkòrò tó ń fa òtútù àyà á wá ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ ràì. Àwọn oníṣègùn kan wà tí wọ́n gbà pé ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ tí àwọn bàbá wa ń pè ní àbíkú, tí wọ́n ń sọ ní Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́, tí wọ́n ń kọ nílà kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá padà wá, sickle cell ló pa wọ́n. Èmi ò ní sọ pé gbogbo wọn, àmọ́ ìyá kan tó sin ọmọ mẹ́ta tẹ̀léra wọn tí kò tíì pé ọdún méjì, ó yẹ kéèyàn ronú nípa jẹ́nótáìpù kó tó ronú nípa ẹgbẹ́ ọ̀run.

Oògùn tó ń dí kòkòrò yẹn lọ́wọ́ ò ju pẹnisílì lọ. Ní 1986, Dókítà Marilyn Gaston àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé èsì jáde pé àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fún ní pẹnisílì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àìsàn tí kòkòrò yẹn ń dá sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fi 84% dínkù lára wọn. Wọ́n tiẹ̀ dá ìwádìí náà dúró kó tó pé àsìkò, torí kò bójú mu mọ́ kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àwọn àgbà oníṣègùn níbẹ̀ ti sọ pé kí wọ́n máa yẹ ọmọ tuntun wò kárí, torí pẹnisílì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù 3, ẹ ò sì lè fún ọmọ tí ẹ ò dá mọ̀ ní oògùn. Èyí tó ya èmi lẹ́nu ni pé lónìí a ti ń gbọ́ nípa oògùn tí wọ́n fi ń tún jíìnì ṣe, ti 2023 yẹn, tí owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là fún ẹnì kan, gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀, tó sì jẹ́ pé tábúlẹ́ẹ̀tì tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan kan ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣì ń kú lé lórí.

Jàmáíkà náà ti ṣe tiwọn ṣáájú. Láti 1973 ni Graham Serjeant àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí Victoria Jubilee ní Kingston, títí wọ́n fi yẹ ọmọ 100,000 wò. Àwọn ni wọ́n fi hàn pé ìyá lásán, tí kò kàwé kankan, lè gba ẹ̀mí ọmọ ẹ̀ là pẹ̀lú ìka ọwọ́ ẹ̀. Ìgbà míì, ọlọ inú máa ń ṣàdédé gbé ẹ̀jẹ̀ mì, ẹ̀jẹ̀ á kóra jọ síbẹ̀, ètè ọmọ á funfun, ọmọ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n wá ń kọ́ àwọn ìyá: tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ti ìka bọ abẹ́ egungun ìhà òsì, rọra tẹ̀ ẹ́, ohun tó le díẹ̀ tó ń ti ọwọ́ ẹ padà yẹn, òun nìyẹn, mọ ibi tó dé lónìí, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, gbé ọmọ máa bọ̀. Ibòmíì wà tí wọ́n máa ń fún ìyá ní igi pẹlẹbẹ kékeré kan, wọ́n á fi bírò fa ìlà sí i láti fi wọn ibi tí ọlọ inú ọmọ dé. Ikú irú èyí já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí àwọn ìyá ti mọ ọwọ́ ẹ̀.

Pẹnisílì àti ìka ìyá, ohun tí Kumasi bá nílẹ̀ nìyẹn. Ó ku kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún rèé, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Nọ́ọ̀sì á jẹ́ kí gìgísẹ̀ ọmọ móoru díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré, á fi spirit nù ún, á gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbọ́dọ̀ gún ẹ̀yìn gìgísẹ̀ torí egungun ò jìn níbẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́, á nù ún dànù. Èyí tó tẹ̀ lé e ló máa jẹ́ kó kán sórí pépà funfun kan tó nípọn tí wọ́n ya róbótó róbótó sí, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kún róbótó yẹn kó sì yọ sí ẹ̀yìn pépà, tó bá jẹ́ ojú kan ló wà, láàbù á dá a padà. Wọ́n á tẹ́ pépà náà sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ fún wákàtí 3 ó kéré tán kó lè gbẹ, wọn ò gbọ́dọ̀ sá a sóòrùn. Robert Guthrie ló sọ pépà yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò, ní Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àrùn míì tó ń jẹ́ PKU tó máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ ló ń lé kiri nígbà yẹn. Àtìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti di nǹkan téèyàn lè fi sínú àpòòwé kó sì fi ránṣẹ́.

Ní láàbù, wọ́n á gé róbótó kékeré kan jáde nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ yẹn, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á wá fi iná mànàmáná lé e gba inú nǹkan kan tó dà bíi jẹ́lì. Irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan á lọ dúró sáyè ẹ̀, wọ́n á hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. F gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ọmọ tuntun ni. Tó bá jẹ́ F àti A, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí kò lábùkù, kò séwu. F, A àti S, ọmọ AS nìyẹn, kò ní àrùn kankan, ó kàn gbé e dání ni. F àti S, tí A ò sí níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. F, S àti C, tí C jẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ míì tó lábùkù, ọmọ SC nìyẹn, òun náà ní sickle cell. Ẹ wò ó, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò "sickling" olówó pọ́ọ́kú tí àwọn láàbù kan máa ń ṣe fún àgbàlagbà ò fi ṣeé gbára lé fún ọmọ tuntun, F ti bo S mọ́lẹ̀, wọ́n á ní kò ní nǹkan kan, ìyá á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run á sì lọ sílé.

Èsì Kumasi ní nǹkan kan nínú tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ dáadáa fún wa. SS jẹ́ 1.04% nínú àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò, SC sì jẹ́ nǹkan bí 0.8%. SC fẹ́ẹ̀ bá SS dọ́gba! C yìí, apá òkè Gánà àti Burkina Faso ló ti pọ̀ jù, bó ṣe ń bọ̀ wá sápá ìlà oòrùn ló ń dínkù, ó gba Togo àti Benin, ó dé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, tó bá ti kọjá Odò Ọya ó ti fẹ́ẹ̀ tán. Nítorí náà tí dókítà tó gba ẹ̀kọ́ ẹ̀ níbi tí C ò sí bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù, SS nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn SC máa ń dàgbà kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ní nǹkan kan, ìgbà tí ojú bá ṣàdédé ń bà jẹ́, tàbí tí egungun ìbàdí ń dùn wọ́n, tàbí tóyún bá fẹ́ pa wọ́n, ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀. Mo sì ti gbọ́ ọ léraléra lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, "AC ni mí, kò sí wàhálà lọ́dọ̀ tèmi." Wàhálà ńbẹ̀ o. AC tó bá fẹ́ AS, SC lè jáde níbẹ̀.

Ó ku ibi tí mo ti ń bọ̀ látẹ̀yìn wá.

Ọmọ tí wọ́n gún ní gìgísẹ̀ lónìí, ìyá ẹ̀ á ti gbé e lọ sílé lọ́la tàbí lọ́túnla. Pépà á lọ sí láàbù, èsì á jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ta ló máa lọ bá ìyá yẹn? Ní 1995, kò sí fóònù lọ́wọ́ ìyá, ọ̀pọ̀ ilé ò ní nọ́ńbà, ẹ sì mọ irú àdírẹ́sì tó máa ń wà nínú fáìlì ilé ìwòsàn ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ béèrè ìyá oníbúrẹ́dì." Wọ́n ti lọ kúrò níbẹ̀. Tàbí obìnrin yẹn ò gbé ibẹ̀ rí, ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó sún mọ́ ọsibítù ló lò. Tàbí ó ti gbé ọmọ lọ bá ìyá ẹ̀ lábúlé kí wọ́n lè bá a wẹ̀ ẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Nǹkan kan tún wà tí òyìnbó ò ní rò ó lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ni àwọn Akan ń sọ ọmọ lórúkọ, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ọmọ tí wọ́n gún ní gìgísẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò tíì lórúkọ! Orúkọ ìyá ló wà lórí pépà. Tí wọ́n bá wá ń wá ọmọ kiri àdúgbò lẹ́yìn oṣù kan, ó ti ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin tí pépà ò mọ ọ̀kankan nínú wọn, orúkọ tí àwọn aládùúgbò mọ ìyá mọ́ náà sì lè máà jẹ́ èyí tó fi sílẹ̀ lọ́sibítù, ìyàwó Lágbájá ni wọ́n mọ̀, ìyá Tàmẹ̀dò ni wọ́n mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ Kumasi ò lè parí sí láàbù, wọ́n ní láti ní àwọn tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá ilé kiri, nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ tó mọ àdúgbò. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n rí mú padà. Ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọn ò rí mọ́, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti èyí tí wọn ò yẹ̀ wò rárá, àfi owó tó ti bá a lọ.

Kí ẹ wá rò ó pé wọ́n rí ilé. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ńkọ́? Ìyá yẹn ò ṣàìsàn, ọmọ ẹ̀ ń yó ń sùn, àlejò wá dé pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́ pé ọmọ yín ní àrùn tí kò ní lọ. Àwọn míì á lé wọn jáde. Àwọn míì á gbà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, ẹ sì mọ ẹni tó máa ń jẹ́, ìyàwó ni, àwọn ará ilé ọkọ á ní ìdílé tirẹ̀ ló ti gbé e bọ̀. Ó gba ọwọ́ méjì kí ọmọ tó lè ní sickle cell, bàbá àti ìyá ló jọ fi sílẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa pe bàbá náà wá jókòó kí wọ́n jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í sọ ọ́ fún ìyá nìkan tí wọ́n bá lè ṣe é. Èyí tó tún burú ni ti bàbá tó mú káàdì jáde nínú pọ́ọ̀sì pé AA ni wọ́n kọ fún òun níléèwé, ta ló wá lọmọ? Ilé ti tú ká báyìí. Kẹ́ ẹ sì wò ó, ọ̀pọ̀ ìgbà káàdì àtijọ́ yẹn ló parọ́, láàbù tó ṣe é ló ṣe é ní kánmọ́kánmọ́, tàbí wọ́n tiẹ̀ dárúkọ lásán láìfọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Tún un ṣe ká tó sọ̀rọ̀ ìyàwó. Ẹni tó máa jíṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹni tó gún gìgísẹ̀ lọ, owó tí wọ́n máa ń ná lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀ sì máa ń kéré sí owó ẹ̀rọ láàbù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kíníìkì. Pẹnisílì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, 125 mg títí ọmọ á fi pé ọdún 3, 250 mg lẹ́yìn náà títí di ọdún 5. Oògùn tó ń dènà ibà ẹ̀fọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà òtútù àyà. Àti ẹ̀kọ́ nípa ọlọ inú yẹn. Àti ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n á máa tẹnu mọ́: ibà kankan ò kéré fún ọmọ yìí, ẹ má fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ sì sùn, ẹ gbé e wá. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ déédéé ń dàgbà, ẹni bá mọ̀ pé ní Áfíríkà wọ́n máa ń sọ pé láti ìdajì dé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún 5 bí ẹnikẹ́ni ò bá tọ́jú wọn, á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Kútọnu náà ṣe irú ẹ̀, lọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú Kumasi ni, láti 1993, lábẹ́ Dókítà Chérif Rahimy. Tiwọn ò kárí gbogbo ọmọ, àwọn ọmọ tí ìyá wọn gbé jíìnì náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n rí dáadáa, ìyá gbọ́dọ̀ wá, wọ́n sì ń kọ́ wọn. Èsì tí wọ́n gbé jáde nígbà tó yá, mo ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì: àwọn ọmọ sickle cell tí wọ́n ń tọ́jú yẹn, iye tó ń kú nínú wọn kí wọ́n tó pé ọdún 5 fi nǹkan bí ìlọ́po 10 kéré sí ti gbogbo ọmọdé orílẹ̀-èdè Benin lápapọ̀. Ọmọ tó ní àrùn wá ń pẹ́ láyé ju èyí tí kò ní lọ, torí pé ẹnì kan mọ orúkọ ẹ̀ ó sì ń retí ẹ̀ ní kíníìkì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Gánà? Ní November 2010 ìjọba kéde pé ó ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìkéde lọ̀tọ̀, owó lọ̀tọ̀. Owó Amẹ́ríkà ló ti ń gbé ọ̀pọ̀ nǹkan ró tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá èèyàn gbé ẹrù ẹ̀ dé ilé, ọdún ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń bí ní Gánà ni gìgísẹ̀ wọn ò tíì rí abẹ́rẹ́ yẹn. Ní 2019 wọ́n bá ilé iṣẹ́ Novartis ṣàdéhùn, oògùn hydroxyurea wá wọ̀lú, èyí tó máa ń jẹ́ kí F pọ̀ padà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ìrora á sì dínkù. Ọdún 2019 náà ni èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, ó fi hàn pé hydroxyurea ò pa ọmọ Áfíríkà lára bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù, kódà ibà tí ẹ̀fọn ń fà pàápàá dínkù lára àwọn tó ń lò ó. Dókítà Ohene-Frempong fúnra ẹ̀ kú ní May 2022. Àkọ́bí ẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀ lọ, ní 2013.

Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó bímọ síbẹ̀, ẹ bi í léèrè, á sọ fún yín pé mídíwáìfù wá bá òun nílé ní bíi ọjọ́ karùn-ún, ó gún ọmọ ní gìgísẹ̀, kò tiẹ̀ sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní Bùràsíìlì náà láti 2001 ó ti jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, Bahia ló sì ga jù, nǹkan bí ọmọ kan nínú 650 ló ní sickle cell níbẹ̀, irú S tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ irú tiwa gan-an, èyí tí wọ́n kó gba ojú omi lọ láti etíkun wa níbí. Ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa ń rí àyẹ̀wò gbà ní Salvador, àwa tá a kù nílé ò ní ètò kan tó kárí, bẹ́ẹ̀ àwa là ń bí jù láyé, nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní sickle cell ni wọ́n máa ń sọ pé à ń bí lọ́dún ní Nàìjíríà nìkan. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn kó má dùn mí.

Àwọn kan máa ní kí la tún ń wá nínú àyẹ̀wò ọmọ tuntun, ká sáà ti yẹ jẹ́nótáìpù wò kí á tó fẹ́ra, ṣọ́ọ̀ṣì náà ti ń béèrè ẹ̀. Ó dáa, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kò tíì sí orílẹ̀-èdè tí ìyẹn pa sickle cell rẹ́ ráúráú, àwọn èèyàn á ṣì máa fẹ́ra wọn, oyún á ṣì máa dé kí ìgbéyàwó tó dé, káàdì á ṣì máa parọ́. Ọmọ tó ti délé ayé ò lè padà lọ bá wọn ṣe àyẹ̀wò ìgbéyàwó. Èmi tiẹ̀ rò pé bá a ṣe ń fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ "AS má fẹ́ AS" yìí ló jẹ́ kí àwọn òbí tó ti bí i máa tijú, wọ́n á fi ọmọ pamọ́.

Nàìjíríà ò jókòó lásán o. Láti 2020 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń bá orílẹ̀-èdè 7 ní Áfíríkà ṣe àyẹ̀wò ọmọ tuntun pọ̀, Gánà àti Nàìjíríà wà nínú wọn. Kíìtì kékeré ti wà báyìí tó dà bíi ti àyẹ̀wò oyún, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, ìṣẹ́jú díẹ̀, á sọ bóyá A, S tàbí C ló wà níbẹ̀, F kì í dí i lọ́wọ́. Kò nílò láàbù ńlá, kò nílò iná NEPA. Àmọ́ èyí tó wù mí jù ni ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Obiageli Nnodu àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe ní Gwagwalada ní Abuja, wọn ò dúró sí yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní héẹ̀tì sẹ́ńtà, wọ́n ń yẹ ọmọ wò níbẹ̀. Ẹni tó ronú ìyẹn mọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọn ò bí sí ọsibítù, ilé àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ilé àdúrà ni wọ́n bí wọn sí, ìyá tí kò fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù fún ìbímọ á sì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ó ní káàdì, ó ní déètì.

Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ yẹn dáadáa. BCG nígbà tí wọ́n bí i, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Pẹnisílì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù 3, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13. Tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ BCG, ìyá á padà wá fúnra ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí àsìkò tó kọjá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wá ilé kiri ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ohun tó kù ni kí nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 ní èsì yẹn lórí tábìlì ẹ̀, kí pẹnisílì sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà.